Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé Social Studies: tíṣà ni Mary Slessor, ẹ má fagi lé e mọ́

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tí ẹ ń kọ ìwé Social Studies fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń tún un tẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ sí i kó tó wọ kíláàsì, mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mi ò ní fi ìkíni dá yín dúró, ọ̀rọ̀ ló gbé mi wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi obìnrin tó wà ní Primary 5 gbé ìwé ìdánwò ẹ̀ wálé. Wọ́n bi wọ́n níbẹ̀ pé ta ni Mary Slessor. Ọmọ mi dáhùn pé, "Tíṣà ni. Scotland ló ti wá sí Calabar." Wọ́n fi bírò pupa fa X gàdàgbà lé e lórí, òdo nínú máàkì méjì, wọ́n wá kọ èyí tí wọ́n ní ó tọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé òun ló fòpin sí pípa ìbejì. Ọmọ yẹn ò sunkún o, ó kàn bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹni tó bá jẹ́ tíṣà ò lè fòpin sí nǹkan ni?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ bá tíṣà ẹ̀ jà, àmọ́ nígbà tí mo ṣí ìwé tí wọ́n ń lò mo rí i pé tíṣà yẹn ò jẹ̀bi, ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ló tẹ̀ lé. Ẹ̀dà àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lò ṣì wà nílé wa, ìdajì ojú ewé ni ẹ fún obìnrin yẹn nínú ìyẹn, ìlú ẹ̀ wà níbẹ̀, ọdún tó dé wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó wá ṣe náà wà níbẹ̀. Nínú ẹ̀dà tuntun, ìlà méjì péré ló kù. Ìlà méjì, pẹ̀lú àwòrán kan tí mo ṣì máa dé orí ẹ̀. Èmi náà tíṣà ni, ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń jẹ eruku ṣọ́ọ̀kì, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí ò fi ṣeé gbé mì. Mo to ẹ̀sùn mi ní nọ́ńbà, kẹ́ ẹ má baà ní mo kàn ń pariwo.

1. Iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n gbà á sí. Ọdún 1876 ni ìjọ United Presbyterian ti ilẹ̀ Scotland rán Mary Slessor lọ ṣe tíṣà ní Calabar, 60 pọ́ùn ni wọ́n máa san fún un fún odindi ọdún kan. Wọ́n ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ tíṣà fún oṣù díẹ̀ ní Edinburgh ná. Ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ọdún yẹn ló wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Ethiopia ní Liverpool, ẹni ọdún 27 ni. Bó ṣe dúró ní èbúté, ó ń wò bí wọ́n ṣe ń yí àgbá ọtí wọ inú ọkọ̀ kan náà, àgbá lórí àgbá, gbogbo ẹ̀ ń bọ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì la ẹnu ẹ̀ sọ ọ́ pé ọtí pọ̀ tó báyìí, míṣọ́nnárì kàn jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó fún píríọ́dù kan gbáko? Ọmọ Primary 5 lè jíròrò lórí ẹ̀ títí agogo á fi lù, kí ni òyìnbó ń kó wá fún wa nígbà yẹn, kí ni wọ́n ń kó lọ.

Nígbà tó dé Duke Town ní Calabar, ilé ìwé ti wà níbẹ̀. Èyí gan-an lẹ ò sọ fún àwọn ọmọ. Láti 1846 ni míṣọ́nnárì Hope Waddell àti àwọn tó bá a wá láti Jamaica ti gúnlẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira sì wà lára wọn. Míṣọ́nnárì Hugh Goldie ti túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí èdè Efik, ó ti jáde láti 1862. Ọmọ Efik kan tó ń jẹ́ Esien Esien Ukpabio ti di pásítọ̀ ní 1872, ọdún mẹ́rin kí obìnrin yìí tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Calabar. Bẹ́ẹ̀, nínú ìwé yín, ó dà bí ẹni pé inú igbó kìjikìji ló bọ́ sí, tí kò sẹ́ni tó mọ A yàtọ̀ sí B kó tó dé.

Kí ló wá ń ṣe nígbà tó dé? Ohun tí gbogbo tíṣà tuntun ń ṣe náà ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé, ó ń kọ́ èdè Efik títí ó fi gbọ́ ọ bí onílé, òun ni wọ́n sì ní kó máa lu agogo àdúrà òwúrọ̀ lórí òkè míṣọ́n. Kì í tètè jí o. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ta jí lójijì, ó rí i tí ilẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ó ní ó ti tán fún òun lónìí, ó sáré jáde lọ lu agogo gán-ín gán-ín gán-ín. Òṣùpá ni. Òru ọ̀gànjọ́ ni, ó sì ti jí gbogbo ilé. Mo ka ìyẹn fún kíláàsì mi, ẹ̀rín pa wọ́n, láti ọjọ́ yẹn wọn ò gbàgbé Mary Slessor mọ́. Ìlà méjì tiyín, ọ̀la ni wọ́n máa gbàgbé ẹ̀.

2. Ẹ gé ìgbà èwe ẹ̀ sọnù, bẹ́ẹ̀ sì rèé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ì bá ti tẹ́tí. Aberdeen ni wọ́n bí i sí ní 1848, ìkejì nínú ọmọ méje. Bàbá ẹ̀ ń ṣe bàtà kó tó di pé ọtí gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ìyá ẹ̀ ń hunṣọ. Wọ́n kó lọ sí Dundee, nígbà tó di ọmọ ọdún 11 wọ́n mú un wọ fáktírì tí wọ́n ti ń hunṣọ, ìdajì ọjọ́ nídìí ẹ̀rọ, ìdajì ọjọ́ nílé ìwé. Nígbà tó fi máa di ọmọ ọdún 14 ó ti di òṣìṣẹ́ gidi, àárọ̀ kùtù ló ń wọlé, ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde, ó sì máa ń ṣí ìwé sórí ẹ̀rọ kó lè máa jí i kà bí òwú ṣe ń lọ. Nínú kíláàsì mi báyìí mo ní ọmọ mẹ́ta tó máa ń kiri ọjà kí wọ́n tó wá sí sùkúù, kí n tó pe orúkọ tán oorun á ti gbé wọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ fáktírì yìí fún wọn, ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè, kì í nawọ́ tẹ́lẹ̀ o, ó ní, "Sà, ṣé wọ́n ń nà án tó bá pẹ́?" Ọmọ yẹn ti rí ara ẹ̀ nínú ìtàn. Ẹ̀yin lẹ yọ ọ́ kúrò.

3. Ọ̀rọ̀ owó. Ibà ba Mary Slessor jà débi pé wọ́n ní kó padà sílé ní 1879 kó má baà kú. Nígbà tó padà dé ní 1880, wọ́n fi í sí Old Town, òun nìkan ló ń gbé, ó wá rí ibi tó ti lè ṣọ́wó ná. Oúnjẹ òyìnbó wọ́n, ó pa á tì, iṣu àti ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ lòun náà ń jẹ, ibi tó pọ̀ jù nínú 60 pọ́ùn yẹn ló ń fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ àtàwọn àbúrò ẹ̀ nílé. Kò sì pariwo ẹ̀ fáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú wa tí kò ní ẹ̀gbọ́n kan lókè òkun tó ń ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́ lónìí? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ méjì, tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, tí àwa tá a wà nílé á máa rò pé ó ń gbádùn nítorí fọ́tò tó fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ wa gbà pé òyìnbó tó bá wá sí Áfíríkà, olówó ni, ó wá fi àjẹṣẹ́kù ta wá lọ́rẹ. Ìwé yín ló ń gbin ìyẹn sí wọn lórí. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó táṣẹ́rẹ́ fún ni, ẹrù ilé sì wà lọ́rùn ẹ̀.

Ní 1886 ìyá ẹ̀ kú, kò ju bí oṣù mẹ́ta lọ tí àbúrò ẹ̀ Janie náà fi kú, Susan ti ṣáájú wọn lọ ní 1883. Kò wá sẹ́ni tó máa fowó ránṣẹ́ sí mọ́, kò sẹ́ni tó máa kọ ìròyìn ọ̀sẹ̀ sí. Òun fúnra ẹ̀ kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó máa dààmú nítorí òun mọ́ tóun bá wọ ìgbèríko lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, 1888, ó wọ Okoyong, ibi tí àwọn míṣọ́nnárì yòókù ń bẹ̀rù, Ọba Eyo Honesty Keje ti Creek Town ló yá a ní ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ. Ẹ̀yin kọ ọ́ pé ìgboyà ló gbé e lọ síbẹ̀. Mi ò jiyàn ìgboyà. Àmọ́ ọ̀fọ̀ wà nínú ẹ̀ lójú tèmi, ẹni tí ilé ti dahoro fún, ọ̀nà oko ò jìn lójú ẹ̀ mọ́.

4. Ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, ó ní ẹnì kan. Charles Morrison ni, tíṣà lòun náà ní Duke Town, ó fi bí ọdún méjìdínlógún kéré sí i. Wọ́n fẹnu kò ní nǹkan bí 1891 pé àwọn máa fẹ́ra. Àmọ́ Mary Slessor ní òun ò ní kúrò ní Okoyong, Morrison ló máa wá bá òun. Wọ́n kọ̀wé sí bọ́ọ̀dù míṣọ́n, bọ́ọ̀dù ní rárá, iṣẹ́ ìkọ́ni tí Morrison ń ṣe ní Duke Town ṣe pàtàkì jù, wọn ò lè gbé e. Àìsàn wá lé Morrison kúrò ní Calabar, ìgbéyàwó yẹn ò wáyé mọ́ títí.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ò yẹ Primary 5. Ó dáa, ẹ gbé e lọ sí JSS. Èmi àti ìyàwó mi lo ọdún mẹ́rin ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé wọn ò fọwọ́ sí tíráńsífà wa, fọ́ọ̀mù mẹ́ta la kọ, ọ̀kan sọnù, àkọ́bí wa ń pè mí ní "àlejò". Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ Morrison yẹn, ṣe ni mo pa ìwé náà dé.

5. Ọ̀rọ̀ ìbejì gan-an. Mo mọ̀ pé ibí lẹ ti ń dúró dè mí. Mi ò sọ pé kò ṣe nǹkan kan lórí ìbejì, ó ṣe bẹbẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé "ó fòpin sí pípa ìbejì" kì í ṣe òótọ́ bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́.

Àkọ́kọ́, òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Láti ìgbà Waddell ni wọ́n ti ń bá àwọn olóyè Calabar fà á. Ní 1878, nígbà tí Slessor ṣì jẹ́ tíṣà kékeré ní Duke Town, kọ́ńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ń jẹ́ Hopkins àtàwọn ọba àti olóyè Calabar ti jọ tọwọ́ bọ̀wé pé kò gbọdọ̀ sí pípa ìbejì mọ́. Òfin yẹn dé etí odò, kò dé inú Okoyong, òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀ nígbà tó débẹ̀.

Ìkejì, òun kọ́ ló parí ẹ̀. Ó ṣì ń gba ìbejì sílé lọ́wọ́ ikú nílẹ̀ Ibibio títí di ọdún tó gbẹ̀yìn ayé ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ti fòpin sí i, kí ló wá ń gbà sílé? Ọmọ tó bá lórí pípé máa bi yín.

Ìkẹta, òun nìkan kọ́. Ma Eme dà nínú ìwé yín? Arábìnrin olóyè Edem tó ni ìlú Ekenge tí Slessor ń gbé ní Okoyong ni, opó ni, alágbára obìnrin. Ó máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn ọkùnrin bá ń pète lábẹ́lẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ síta, wọ́n máa fìyà jẹ ẹ́. Òun àti Slessor wá jọ ní àdéhùn kan: tí wàhálà bá ti ń bọ̀, á rán ọmọ kékeré pẹ̀lú ìgò lófìfo pé kí Slessor bá òun bu oògùn sí i. Gbogbo èèyàn máa rò pé ara ló ń ro ó. Slessor bá ti rí ìgò yẹn, ó mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ sùn lóru ọjọ́ yẹn nìyẹn. Àìmọye ẹ̀mí ni ìgò yẹn gbà là, obìnrin Okoyong ló ń fi í ránṣẹ́, ẹ ò sì ní àyè fún orúkọ ẹ̀ nínú ìwé Social Studies ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìyẹn ló ń bí mi nínú jù nínú gbogbo ẹ̀, ká má parọ́.

Àwọn ìyá ìbejì ńkọ́? Ìgbàgbọ́ wọn nígbà yẹn ni pé ẹ̀mí burúkú ló bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, wọn ò sì mọ èwo ni, torí náà wọ́n á pa àwọn méjèèjì, wọ́n á lé ìyá wọn wọgbó. Ìyá yẹn ò ní ilé mọ́, kò lọ́kọ mọ́. Slessor ń gba àwọn ìyá náà sọ́dọ̀. Nínú ìlà méjì yín, ìbejì wà, òyìnbó wà, ìyá ò sí.

Àwọn ìbejì yẹn fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọn ò dàgbà ni? Janie tó tọ́, ìbejì ni, wọ́n ti pa èkejì ẹ̀. Slessor fún un lórúkọ àbúrò ẹ̀, ó gbé e lọ Scotland nígbà tó ṣì kéré, Janie sì dàgbà di ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀, òun ló ń bá a tọ́jú ilé tó kún fún ọmọ yẹn. Nígbà tí Slessor lọ sinmi ní 1898, ọmọbìnrin mẹ́rin ló kó dání lọ sí Scotland nítorí pé kò rí ẹni tó lè fi wọ́n tì.

Ìkẹrin, ẹ ò sọ BÓ ṢE ṢE É. Ẹ jẹ́ n fún yín ní ẹyọ kan. Kò tíì pẹ́ tó dé Ekenge nígbà tí ọmọ olóyè Edem tó ń jẹ́ Etim ń gbé igi ilé tó fẹ́ kọ́ nítorí ìgbéyàwó ẹ̀. Igi gbá a, ó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, Slessor tọ́jú ẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó kú. Nílẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń kú lásán, ẹnì kan ló máa pa á. Oníṣègùn ti nọ́ka sí abúlé kan, wọ́n ti lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn èèyàn wá, ẹ̀wà olóró tí wọ́n ń pè ní esere ni wọ́n máa jẹ, ẹni tó bá kú ló jẹ̀bi. (Ẹ̀wà yẹn náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Edinburgh, Christison, jẹ díẹ̀ wò ní 1855 tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti yọ oògùn ojú jáde lára ẹ̀ lẹ́yìn náà. Èyí náà yẹ kó wà nínú ìwé Basic Science, àmọ́ ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Kí ni tíṣà wa wá ṣe? Kò gun àga ìwàásù o. Ó ní ọmọ olóyè kì í kú kí wọ́n sin ín bí ẹni yẹpẹrẹ, ẹ jẹ́ kóun fún un ní ẹ̀yẹ tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Ó ṣí àpótí tí wọ́n fi ń kó aṣọ ránṣẹ́ sí i láti Scotland, ó wọ Etim láṣọ, ó fi sílíkì wé e lára, wọ́n fá orí ẹ̀, wọ́n kùn ún, ó dé e ní fìlà tó ní ìyẹ́ ẹyẹ aláràbarà, ó gbé e jókòó sórí àga lábẹ́ agbòòrùn ńlá, ó fi ọ̀pá olórí fàdákà sí i lọ́wọ́. Ó wá gbé dígí kọ́ sí iwájú ẹ̀ kó lè máa wo bó ṣe gbáyì tó. Nígbà tí àwọn èèyàn wọlé tí wọ́n rí i, ariwo ayọ̀ sọ, ijó bẹ̀rẹ̀, ọtí ń ṣàn. Òun ń jókòó ti àwọn tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án lóru, òun àti Ovens, káfíńtà tí míṣọ́n rán wá kọ́lé fún un, tí ọ̀kan bá fẹ́ sùn èkejì á máa ṣọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú wọn sílẹ̀. Nígbà tó parí, màlúù ni wọ́n pa ti òkú Etim, kò sí èèyàn kankan níbẹ̀.

Àwa Yorùbá tá a mọ ohun tí ẹ̀yẹ ìkẹyìn jẹ́, ìtàn yìí ò nílò àlàyé lójú wa. Ó wo ohun tí àwọn èèyàn yẹn kà sí, ó sì gba ibẹ̀ wọlé. Ọgbọ́n tíṣà nìyẹn. Òun náà ló fi ń kọ́ wọn níwèé, lọ́sàn-án ní abúlé Ifako nílẹ̀ Okoyong, nírọ̀lẹ́ ní Ekenge, ẹrú àti olówó ẹ̀ lórí ìjókòó kan náà pẹ̀lú a b d. Ìyẹn náà ò sí nínú ìwé.

6. Ìjọba. Apá ibí yìí le díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìdí tẹ́ ẹ fi sá fún un nìyẹn. Ní 1892 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ Slessor di igbákejì kọ́ńsù ní Okoyong, ó ń jókòó dájọ́. Ní 1905 wọ́n tún fi ṣe igbákejì ààrẹ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ní Ikot Obong, ó wà níbẹ̀ títí di 1909. Nígbà yẹn, obìnrin ò tíì lè dìbò ní Britain, 1918 ni wọ́n tó fún díẹ̀ nínú wọn láyè, ó sì ti kú kó tó di ìgbà yẹn. Ẹni tí kò lè dìbò nílé ń dájọ́ lóko. Ó gbèjà àwọn obìnrin gan-an nínú kọ́ọ̀tù yẹn, ó sì máa ń gbá àwọn olóyè létí tí inú bá bí i. Àwọn tó ń kọ ìtàn ẹ̀ máa ń fi ìyẹn ṣẹ̀rín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, bàbá mi lolóyè, mi ò ní fẹ́ kí òyìnbó kankan fọwọ́ kàn án létí.

Bákan náà ni ti Arochukwu nílẹ̀ Igbo. Ní 1901 sí 1902, nígbà tí sójà Gẹ̀ẹ́sì lọ fọ́ ojúbọ ibẹ̀, wọ́n mú un kúrò ní Okoyong lọ sí Creek Town títí ogun fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló gba ọ̀nà tí ìbọn ti là lọ sí Itu, ó ń dá ilé ìwé sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé ìwé yẹn dáa. Ìbọn ló ṣáájú ẹ̀. Ọmọ lè gbọ́ méjèèjì nínú ẹ̀kọ́ kan kó má ya wèrè, ẹ fọkàn tán wọn.

7. Àwòrán yẹn. Ẹ ya obìnrin kan tó wọ gáùnù tó ń wọ́lẹ̀, ó dé fìlà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, bàtà ẹ̀ ń dán, imọ̀ ọ̀pẹ ń fẹ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ọlọ́run ẹ̀rí! Mary Slessor gé irun ẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ọkùnrin, kì í dé fìlà, kì í wọ bàtà rìn nínú igbó, omi tí wọn ò sè ló ń mu, àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ ẹ̀ sì ń ráhùn sí i. Fọ́tò ẹ̀ wà káàkiri, báńkì Clydesdale ní Scotland gbé ojú ẹ̀ sórí owó 10 pọ́ùn láàárín àwọn ọdún 1990, ère ẹ̀ wà ní Calabar. Ta ni obìnrin onífìlà yìí, níbo lẹ ti rí i?

Ohun tí mò ń béèrè rèé, kò pọ̀. Ẹ dá ìdajì ojú ewé yẹn padà, kí ẹ sì fi kún un. Ẹ kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ ẹ̀ àti owó tí wọ́n ń san fún un kẹ́ ẹ tó kọ ohun tí wọ́n fi ń yìn ín. Ẹ kọ orúkọ Ma Eme, ẹ kọ ti Esien Esien Ukpabio, kí ẹ kọ wọ́n sínú ìtàn, kì í ṣe sínú àpótí "Ǹjẹ́ o mọ̀?" ní ìsàlẹ̀ ewé. Ẹ yí "fòpin sí" sí "wà lára àwọn tó jà kí wọ́n má pa ìbejì mọ́", ó gùn díẹ̀, àmọ́ òótọ́ ni. Ẹ yọ obìnrin onífìlà yẹn kúrò, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya nǹkan ẹ yà á lórí kẹ̀kẹ́, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó kọ́ ọ gùn. Kí ẹ sì fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìwé tó ti ra ẹ̀dà tuntun pé ẹni tó bá kọ "tíṣà ni" gba ìdáhùn náà.

Use Ikot Oku ló kú sí, ọjọ́ 13 oṣù kìíní 1915, àwọn ọmọbìnrin tó tọ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n gbé e gba ojú odò lọ sin ní Duke Town níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lé ní ọdún 38 tó fi ṣe é.

Ní ti máàkì méjì yẹn, mo ti lọ bá tíṣà ọmọ mi. Ọ̀dọ́ ni, ó dìde fún mi, ó ní, "Ẹ má bínú sà, mo mọ̀ pé òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ tí insípẹ́kítọ̀ bá dé, ìwé ló máa ṣí." Ó ní tí ìwé bá ti yí padà, òun máa fún un. Máàkì ọmọ mi wà lọ́wọ́ yín nìyẹn.

Èmi ni,
tíṣà kan, bàbá ọmọ tó gba òdo.